Àwọn Márùn-ún Tó Ti Dé Ṣáájú

Ojú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan ò kúrò lára fóònù bó ṣe ń yára wọ igbó Karura. Ẹranko ńlá inú eré orí fóònù tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń ṣe ti yọ lẹ́nu ihò àpáta kan nínú igbó náà, ẹnì kan ò sì lè dá a pa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tún ti dá wọgbó?"

"Ẹ̀yin náà! Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé èèyàn márùn-ún gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ bá wọn. Mò ń rí orúkọ wọn lórí fóònù níbí pé wọ́n ti dé: Mutinda, Nafula, gbogbo wọn."

"O mọ̀ wọ́n lójú?"

"Ọdún kan la ti jọ ń ṣeré. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre."

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló bá lẹ́nu ihò náà, ó jókòó sórí òkúta. Ọmọbìnrin náà kọ̀wé sí ẹgbẹ́: "Mo ti dé o. Ẹ dà?"

Fóònù márùn-ún dún papọ̀ lórí itan ọkùnrin náà.

"Káàbọ̀," ló wí. "Gbogbo wa ti ń retí ẹ."