Fíláàsì tó Wà Ní Yàrá Ìyá

Yàrá ìyá rẹ̀ ni Abdulganiyu gbé fíláàsì irin náà sí, torí ibẹ̀ nìkan ni oòrùn kì í dé nínú ilé wọn l'Ọ́fà. Ilé ìwòsàn tó ń bá òun àti Àmínát ìyàwó rẹ̀ tọ́jú ohun inú fíláàsì náà n'Ílọrin ti kógbá wọlé. Ti Ìbàdàn ní ó di ẹ̀yìn Iléyá kí àwọn tó lè gbà á.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Alhaja Asiata, ìyá rẹ̀, bi í.

"Ọmọ wa ni, Ìyá. Ọlẹ̀ tí dókítà bá wa ṣe ni, kò tíì tó hóró iyanrìn. Òun nìkan ló kù fún wa. Inú òtútù ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí."

"Inú òtútù kẹ̀? Ọmọ ọmọ mi?"

"Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e, Ìyá."

"Ta ló bí i dáa? Mo wà níbí!"

Kò sọ ìyókù fún un. Ìyá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí gáàsì tútù tó ti di omi nínú fíláàsì bá gbẹ, ọmọ ti lọ nìyẹn, ẹni tó sì ń ta gáàsì náà n'Ílọrin ní kò sí mọ́.

Fíríìjì ni Abdulganiyu ń tún ṣe jẹun. Gáàsì yìí kan náà ló pọ̀ jù nínú atẹ́gùn tí à ń mí. Ó ní òun á fi àlòkù irin sọ ọ́ di omi fúnra òun. Ó tú kọ́mpúrẹ́sọ̀ ti fíríìjì tó ti kú, ó ká páìpù bàbà sínú ara wọn. Nígbà tí kò tó, ó tú ti oníbàárà.

Bíọ́lá tó ń ta omi tútù dé, ó lọgun. "Ganiyu, o fẹ́ pa mí ni? Iléyá ti dé tán! Fíríìjì mi dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi," ni gbogbo ohun tó lè wí.

Láràárọ̀ ló ń fi òṣùwọ̀n alápatà gbé fíláàsì náà wò. Ó ń fúyẹ́ ju bí ilé ìwòsàn ṣe sọ fún un lọ.

"Àbí ó ń jò ni?" Àmínát bi í.

"Kò jò. Ooru yìí ni." Abdulganiyu kò jẹun, kò wẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára páìpù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké kíkankíkan, omi kan kán sínú ife, ó ń hó, ó ń yọ èéfín funfun. Àmínát forí kanlẹ̀ lórí iyanrìn, ó bú sẹ́kún. "Alhamdulillahi! Ọlọ́run, o ṣeun!" Wọ́n dúró títí ó fi tó bù, wọ́n gbé e, wọ́n sáré wọ yàrá.

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ má jí i," ni Ìyá wí tẹ̀rín-tẹ̀rín, bó ṣe ń dé fíláàsì náà padà, "láràárọ̀ tí mo bá ti kírun tán ni mò ń ṣí i fún un kó lè mí, òtútù burúkú yẹn sì ti kúrò lára ọmọ mi pátápátá lónìí."