Àwọn Tí Mo Kí Nínú Gbọ̀ngàn

Òjò kò jẹ́ kí èrò wá sí ọ̀sẹ̀ orin ìlú wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, rédíò ń gbé orin mi sáfẹ́fẹ́ láti inú gbọ̀ngàn tó ṣófo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà máa kí èèyàn," Làmídì tó ń ta gìtá sọ sí mi létí. "Bí wọ́n bá mọ̀ pé kò sérò, ó tán fún wa nìyẹn."

Nílùú wa, ẹni tí olórin bá kí gbọ́dọ̀ dìde, kó jó wá síwájú. Mo ń kí àga òfìfo. Nígbà tí orúkọ alààyè tán lẹ́nu mi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo bọ́ sórí àwọn òkú. Mo kí Bàbá Ṣówándé aránṣọ, mo kí àwọn mìíràn.

Àga kan dún lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan ń wọ́ bọ̀ nínú òkùnkùn, ó ń bá orin lọ.

"Làmídì, dá gìtá dúró!"

"Ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́." Ó ti ń sunkún. "Ta lẹ tún kí, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo ti kí ìyá mi. Àga iwájú, níbi tó máa ń jókòó sí láti wò mí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.