Àkàrà tí Wọ́n Fi Òróró Kánólà Dín

Oko kánólà, irúgbìn tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló jí Ìbídùn láàárọ̀. Ó sọ sí i létí pé ìlà kẹrin ti mumi yó, pé oyin ti bà lé òdòdó. Ọdún méje ni Ìbídùn àti Láyíwọlá, ẹni tó ń sin oyin oko náà, fi wá irú kánólà tí oòrùn Ṣakí kò ní pa. Wọ́n rí i, òdòdó rẹ̀ sì tàn bí ìyeyè dé ẹsẹ̀ òkè.

Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Àgbàlagbà ìlú gbọ́dọ̀ fi òróró irúgbìn tuntun se oúnjẹ, kó tọ́ ọ wò, kó sì gbà á. Bó bá kọ̀, wọ́n á fa gbogbo oko tu.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Adéògún ni àgbàlagbà tó kàn. Ó dín àkàrà, ó ń jẹ ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Ìbídùn sún mọ́ ọn.

"Ìyá, ṣé kò dùn ni?"

"Jẹ́ kí n jẹun, ọmọ yìí. O fi ọdún méje ṣe é, o ní kí n sáré gbé e mì?"

Ìyá Adéògún wá fa ewé kan, ó di àkàrà mẹ́fà sínú rẹ̀.

"Ti ọkọ mi rè é. Ohun tí kò bá dá mi lójú, n kì í gbé e fún un."

Omi lé ròrò sójú Ìbídùn.

"Ìwọ ńkọ́?" ni ìyá bi í. "Ta lo máa gbé tìrẹ fún?"

Ìbídùn mú àkàrà tó gbóná jù, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀, ó nà án sí Láyíwọlá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí títa oyin kì í bà lẹ́rù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì bojú wolẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì.