Alága Tó Kọ̀ Kí Wọ́n Pín Àga Rẹ̀ sí Méjì

Àléébù kan ṣoṣo ló wà lára Lyman Tuttle, ará ìlú Wexcombe ní ìpínlẹ̀ Connecticut: kò gbà pé ojú ẹlòmíràn lè rí ohun tí ojú tirẹ̀ kò rí. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí. Ọ̀fẹ́ ló ń sin ìlú. Ṣùgbọ́n ìgbéraga tó wọ aṣọ iṣẹ́ rere, ìgbéraga náà ni.

Lyman ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́: láti pète bí ìlú yóò ṣe rí lẹ́yìn ọ̀la, àti láti sọ ẹni tó lè kọ́lé àti ibi tó lè kọ́ ọ sí. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ìlú, Lyman fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pápá etí odò, nítorí ibẹ̀ ni omi ń tẹ́ sí bí yìnyín ìgbà òtútù bá yọ́.

Kò pẹ́ tí Dwight, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fi ra pápá náà. Ó fẹ́ kó yẹ̀pẹ̀ dí i, kó sì kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tí yóò máa fi háyà. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rán Lyman létí ètò ìlú, ló bá rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo kọ ètò náà. Ta ló tún fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi?"

Ó nawọ́ láti gbà fún Dwight, àwọn yòókù sì nawọ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó mú iṣu ló mú ọ̀bẹ. Ta ni yóò bi í bí yóò ṣe gé e?

Nígbà tí yìnyín yọ́, omi dé pápá, ó bá òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí Dwight ti kó síbẹ̀. Ó ṣẹ́rí, ó ya wọ ilẹ̀ Lois Beckwith, opó tó ń sin àgùntàn, ó sì gbé àwọn ọmọ àgùntàn rẹ̀ lọ. Bí omi bá tún ya bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ti parun nìyẹn. Lois lọ bá Lyman nílé.

"Lyman, o pa ọmọ àgùntàn mi."

"Omi ló pa wọ́n, Lois. Lọ pe odò lẹ́jọ́."

"Odò ò ní ìgbìmọ̀. Ìwọ lo ní in. Méjì lo tiẹ̀ ní, o wá fi fìlà kan ṣoṣo dé wọn lórí."

Ní Wexcombe, ààtàn ìlú ni gbogbo ayé ti ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé, nítorí oníkálukú ló ń gbé pàǹtírí ilé rẹ̀ lọ. Lois gbé tábìlì síbẹ̀, ó ń gba ìbuwọ́lùwé kí ìlú lè péjọ, kí wọ́n pín ìgbìmọ̀ náà sí méjì. Lyman kọjá pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí tirẹ̀.

"Lois, ibi tó yẹ ìwé yẹn gan-an lo gbé e wá!"

"Ó yẹ ẹ́ mọ̀nà. Ohun tó bá ti ń rùn nílùú, ibí la ń kó o wá."

Ọjọ́ ìpàdé pé, gbọ̀ngàn kún. Ẹnìkan kì í dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹnìkejì níbẹ̀. Adarí ìpàdé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lyman dìde.

"Adarí, a ò rí èèyàn tó máa kún ìgbìmọ̀ kan, wọ́n ní ká ṣe méjì. Ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Ṣé àgùntàn Lois ni?"

Ẹ̀rín sọ. Lois dìde.

"Adarí, ẹ bá mi sọ fún alága pé wọn ì bá jókòó, ká ní wọ́n wà láàyè." Ẹ̀rín kú. "Èèyàn ò wọ́n wa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti ọkùnrin tó ń ṣòfin, tó tún ń dájọ́, ni."

Ìwé ni wọ́n máa ń dì sínú àpótí, kí ẹnikẹ́ni má mọ ìbò ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ara ti ta Lyman. Ó bẹ̀bẹ̀ fún àṣà àtijọ́: kí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rìn lọ sí ògiri ọ̀tún, kí àwọn tó ta kò ó lọ sí òsì.

"Mo fẹ́ rí ojú ẹni tó ń bá mi jà," ó wí. Lọ́kàn rẹ̀, ó dá a lójú pé ojú yóò ti gbogbo wọn.

Adarí gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ni Marian, ẹ̀gbọ́n Lyman, ìyá Dwight. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó kọjú sí òsì.

"Marian! Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ là ń sọ o!"

"Lyman, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, má pariwo mọ́ mi. Ọmọ mi ni Dwight, àbúrò mi sì ni ẹ́. Ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ́ ìwọ lo dá ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Ni àga bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbirigbiri. Ògiri òsì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀tún, Lyman wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tó kù kò tó nǹkan. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Síbẹ̀, ìlú bu ọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní kó mú ìgbìmọ̀ tó bá wù ú nínú méjèèjì.

"Méjèèjì ni," ó wí, "tàbí kó má sí rárá."

"Kó má sí, nígbà náà," ni èsì wọn.

Ìgbìmọ̀ tuntun tó ń rí sí ilé kíkọ́ fagi lé àyè tí wọ́n fún Dwight láti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí náà. Wọ́n ní kó kó yẹ̀pẹ̀ kúrò kí yìnyín tó tún yọ́. Lyman dìde láti gbèjà rẹ̀, wọ́n rọra sọ fún un pé kó jókòó kó dúró de àyè rẹ̀ bí ará ìlú yòókù. Nígbà tí wọ́n jáde, Dwight kò wo ojú rẹ̀.

"Bọ̀dá Lyman, ẹ ní ọ̀rọ̀ yín labẹ gé. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbọ́jú lé, òun ni mo sì máa fi ṣọ́bìrì kó báyìí."

Ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ ń kọjá níwájú ilé Lyman lójoojúmọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wà á, kò sì kí i mọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Lyman kọ́gbọ́n. Kì í ṣe ènìyàn burúkú nìkan ni ìlú gbọdọ̀ ṣọ́. Ẹni rere tí kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú lè ṣìnà. Kí ẹni tó pète yàtọ̀ sí ẹni tó ń dájọ́, kódà bí ènìyàn kò bá pọ̀ nílùú. Bí wọ́n bá sì ní kí á dìde níwájú gbogbo ayé kí á fi ẹ̀gbẹ́ wa hàn, kí á dìde, bí ọmọ ìyá wa tilẹ̀ ni alága. Ojú tó bá ń ti aráàlú láti sọ òtítọ́ ni alágbára fi ń ṣe àga jókòó.