Ẹsẹ Bíbélì Tó Ṣe Wẹ́kú

“Tún ẹsẹ yẹn kà, ọmọ mi.”

Àkọ́bí wúkọ́. Àràárọ̀ ló ń ka Bíbélì fún ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí ojú ìyá aránṣọ náà ti fọ́, àwọn aládùúgbò sì ń fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọ tiwọn.

“Ìwé Òwe, orí ogójì, Màámi: ‘Kí opó fi ilé rẹ̀ lé àkọ́bí lọ́wọ́, kí ọjọ́ rẹ̀ lè gùn.’”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ojú mi ló fọ́, iyè mi ò fọ́. Orí kọkànlélọ́gbọ̀n ni Òwe parí sí.”

“Ẹ má bínú, mo ṣì í kà ni.”

“O ṣì í kà.” Ọwọ́ rẹ̀ wá etí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rí, ó sì dì í mú. “Ó dáa. Èyí tí o kà lọ́jọ́ tí mo lé àbúrò rẹ obìnrin jáde tòun toyún ńkọ́? Èyí tó ní kí ìyá má gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé mọ́?”



Lọ́jọ́ náà, ìyá ò béèrè orí, kò béèrè ẹsẹ. Inú ń bí i, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe wẹ́kú bí aṣọ tí wọ́n wọn ara rẹ̀ rán.

“Níbo ló wà nínú Bíbélì, ọmọ mi? Ṣí i. Kà á fún mi.”

Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ rọra pa ìwé náà dé.