Ẹsẹ̀ Tí Kò Ní Aṣọ

"Ìyá, ẹsẹ̀ òsì ló rọ́!" Oníjàkadì náà fa ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn. "Èyí tó dá ṣáṣá lẹ ń dì."

"Mo mọ̀." Ìyá arúgbó tí gbogbo Ìtòkú ń gbé ẹsẹ̀ rírọ́ wá bá tún ẹsẹ̀ náà fà mọ́ra, ó ń fi aṣọ aláró tó ní ìlà funfun létí wé ọrùn-ẹsẹ̀ ọ̀hún. "Ibi tí ẹni tí ẹ jọ fẹ́ jà bá ti rí aṣọ ni yóò máa fẹsẹ̀ kọ́. Jẹ́ kó máa kọ́ èyí tó lágbára. Ṣó o gbọ́, ọkọ mi?"

Òógùn ti bo oníjàkadì náà. Ariwo èrò ń bọ̀ láti pápá. Bí ẹsẹ̀ òsì yìí bá kán lónìí, kí ló máa fi sá bí ogun Dàhòmì bá tún dé?

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi? Mi ò kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn."

Ó wọ pápá, ó ń ṣe bí ẹni pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dun òun, ó sì ń deyín mọ́ ìrora òsì.

Ọmọ àdúgbò Ìjẹùn tí wọ́n jọ fẹ́ jà náà jáde, ó ń tiro. Aṣọ aláró tó ní ìlà funfun létí ló wà lọ́rùn-ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

Oníjàkadì Ìtòkú yára wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ Ìjẹùn, èyí tí kò ní aṣọ.

Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ọmọ Ìjẹùn náà ti tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ òsì oníjàkadì Ìtòkú.