Àpótí Iná Tísà

Ọjọ́ tí Tísà kú, ìyàwó rẹ̀ ló gbé ìròyìn náà wá sí ṣọ́ọ̀bù atúnkọ̀ǹpútàṣe fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Tísà wà ní títú lórí tábìlì. Àpótí tó ń fún un níná, tó ti ń ṣe ségesège kí Tísà tó gbé e wá, ti jóná tán.

"Ọ̀gá, ohùn rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ fáwọn ọmọ, inú ẹ̀ nìkan ló wà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà."

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, mú àpótí ìgbàlódé tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ. Wáyà kan sọnù, ó yá ti àpótí mìíràn. Ó wọlé ṣinṣin.

"Ṣebí ọkọ mi ní èyí tí wáyà ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lòun fẹ́?"

"Ìyẹn rí wúruwùru bí ìfun ewúrẹ́, Mà."

"Ó ní wáyà tó bá ń yalé kiri, ilé onílé ló máa jó."

Ọwọ́ ọ̀gá dúró lórí bọ́tìnnì. Ẹnu wáyà méjì lè jọra kí iná inú wọn má jọra, wáyà tó yá yìí sì lè sọ ohùn olóògbé deérú. Ó yọ àpótí ìgbàlódé náà, ó gbé oníwúruwùru sí i.

Ẹ̀rọ náà tàn. Tísà sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń gbé ẹ̀rọ yìí lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó mọ ohun gbogbo. Ẹ bá mi gbàdúrà."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Ọ̀gá tẹ̀ ba, ó ń fara balẹ̀ di àwọn wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé.